Ọmọ Wà Nílé, Ọmọ Ò Sí Nílé

Ibi kíkà: Lúùkù 2:41–52. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó máa bá ẹ̀kọ́ yìí lọ.

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́langba tó ń lo fóònù: bí a ó ṣe kọ́ wọn kí wọ́n má bàa kó sínú ewu lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn fúnra wọn má sì di ewu fún ẹlòmíràn.

Mo mọ ohun tí ẹnìkan ń sọ lọ́kàn báyìí: “Èmi tí n kò tíì ṣègbéyàwó, ọmọ ta ni kí n kọ́?” Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nígbà tí wọ́n ra fóònù fún àbúrò yín, ta ni màmá pè? Ẹ̀gbọ́n tó wà ní yunifásítì ni. Òun ni ó bá a ṣí WhatsApp, òun ni ó bá a ṣí Facebook. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Facebook, Instagram àti TikTok kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá béèrè ọjọ́ ìbí, ẹ̀gbọ́n á ní, “Fi 2003 síbẹ̀, kó lè yá.” Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe di àgbà lójú kan nìyẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, ìdáàbòbò tí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe fún ọmọdé kò ní ṣiṣẹ́ fún un mọ́, nítorí pé àgbà ni wọ́n pè é. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà sì kọ́ nípa íntánẹ́ẹ̀tì ni pé èèyàn lè purọ́ níbẹ̀ kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ lè jẹ́ ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí kàn wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ibi tí a kà. Àwọn òbí Jésù kì í ṣe aláìbìkítà. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ Ìrékọjá. Ọmọ wọn pé ọdún 12, wọ́n mú un dání, àjọ parí, wọ́n sì kọjú sílé. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi rìn kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ kò sí lọ́dọ̀ wọn. Kí ló fà á? Wọ́n fọkàn tán àwọn tí wọ́n jọ ń rìn. Mọ̀lẹ́bí wà níbẹ̀, ojúlùmọ̀ wà níbẹ̀, ibo ni ọmọ fẹ́ gbà sọnù? Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó gbọ́ igbe, kò sí ẹni tó rí jàǹdùkú kankan. Èrò lásán ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i.

Ẹ fi ọdún 12 yẹn sọ́kàn. Ọjọ́ orí yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ wa ń wọ ilé ìwé gíga kékeré, tí wọ́n sì ń gba fóònù àkọ́kọ́. Lóde òní, ọmọ kò tilẹ̀ ní kúrò nílé kó tó sọnù. Ó nà sórí àga ní pálọ̀, màmá ń ro ọbẹ̀, dádì ń gbọ́ ìròyìn, gbogbo ilé sì gbà pé ọmọ wà nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ wà ní ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé rí. Onítọ̀hún ti mọ orúkọ ilé ìwé rẹ̀, ó ti mọ ọjọ́ tí màmá máa ń pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, ó sì ti mọ ohun tó ń bà á nínú jẹ́ tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Kì í tilẹ̀ ṣe orí Facebook nìkan. Ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù bíi Free Fire náà ní àyè ìsọ̀rọ̀, àjèjì sì ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe jọ ń ta á.

Àwa tí a wà ní Enugu mọ ọjà Artisan. Ẹ̀yin tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, mo mọ̀ pé òórùn ẹran ibẹ̀ kò tíì kúrò nímú yín. Ibẹ̀ la ti ń ra ẹran nígbà tí ìdàpọ̀ wa bá fẹ́ se àsè. Bí ẹ bá tún débẹ̀, ẹ fi ẹran sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ wo bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń rán ọmọ níṣẹ́. Kò sí èyí tó kàn ń sọ pé “Máa lọ.” Á kọ́kọ́ dá ọmọ dúró. Á ní kó di owó rẹ̀ mú dáadáa. Á ní kó má yà síbì kankan. Á ní bí ẹnìkan bá pè é tó ní òun mọ ìyá rẹ̀, kó má tẹ̀ lé e. Á ní bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, kó padà wá sọ, kó má ṣe jókòó síbì kan máa sunkún. N kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Ìgbò, ọ̀rẹ́ mi kan ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ẹ̀rín sì pa mí, torí ohun tí màmá mi máa ń sọ fún wa ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ gẹ́lẹ́ ni.

Ìyá kan náà yìí, nígbà tí ọmọ bá dé tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, á fa fóònù lé e lọ́wọ́ kó lè jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Kò sí “di nǹkan rẹ mú” mọ́. Kò sí “má tẹ̀ lé ẹni tí o kò mọ̀” mọ́. Ọjà tó tóbi ju gbogbo ọjà Enugu lọ ló rán ọmọ lọ yẹn, láìsọ ọ̀rọ̀ kan fún un. N kò dá a lẹ́bi, oníbàárà ń bẹ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ọjà tí mo sì ń sọ yìí kò ní àgbà tó mọ ọmọ náà.

Bí ẹ bá bi ìyá náà, á ní òun kò mọ nǹkan kan nípa íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òbí wa nílé ń wí. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí a tako wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ wo àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ ọ̀gá, ètò tí àwọn Ìgbò ń pè ní ịgba bọị. Òmíràn nínú wọn kò ju ọdún 15 lọ. Ọ̀gá rẹ̀ lè má mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ọmọ náà pé àlàátì tí oníbàárà fi hàn lórí fóònù tirẹ̀ kì í ṣe owó. Kó dúró kí owó wọ àkáǹtì kó tó gbé ọjà sílẹ̀. Ó ti kọ́ ọ pé orúkọ tí ẹni tó ń pè dá lórí fóònù lè má jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó sì ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá ń kánjú jù, tó ń pariwo pé ọkọ̀ ń dúró de òun, òun ni kó wò dáadáa.

Ohun mẹ́ta yìí náà ni ọ̀dọ́langba nílò lórí Instagram. Àwòrán ọmọbìnrin arẹwà tí o rí kì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọbìnrin ló wà níbẹ̀. Ohun tí o kò lè gbà padà, má fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń lé ọ léré pé “Ṣe é nísinsìnyí, má sọ fún ẹnikẹ́ni,” olè ni. Àwọn òbí wa ní ìmọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Iṣẹ́ tiwa tí a mọ fóònù lò ni láti fi hàn wọ́n pé ọjà kan náà ni.

Àmọ́ ọgbọ́n ọjà nìkan kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù wá lọ á rántí Cynthia Osokogu. Ọmọbìnrin tó ti gboyè, tó ń kàwé sí i ní yunifásítì, tó sì ń ta aṣọ. Oníṣòwò ni. Lórí Facebook ni àwọn ọkùnrin kan ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì pè é wá sí Èkó nítorí ọ̀rọ̀ ọjà. Oṣù Keje ọdún 2012 ni wọ́n pa á ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún méjì nínú àwọn tí wọ́n kó lọ síwájú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjà ojúkorojú àti ọjà fóònù rèé: nínú ọjà Artisan, àjèjì kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ láti fi tan ọ́. Lórí fóònù, ó ní oṣù mẹ́fà. Á kí ọ láàárọ̀, á kí ọ lálẹ́, á gbàdúrà fún ọ nígbà ìdánwò. Nígbà tó bá fi máa béèrè nǹkan, kì í ṣe àjèjì mọ́ lójú rẹ.

Òmíràn kì í tilẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́fà. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ni ó mú kí n kọ ẹ̀kọ́ yìí, mo sì rọ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọdún 17 kan tó ń jẹ́ Jordan DeMay wà nínú yàrá rẹ̀ lálẹ́ ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ lórí Instagram, ó sì ní kó fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀, ohùn yí padà: owó, tàbí kí a fi àwòrán yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ. Ó san 300 dọ́là. Wọ́n ní kò tó. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ kí i, ọmọ náà ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ wà nínú ayé títí dòní, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn òbí mìíràn.

Kò sí ọmọbìnrin kankan níbẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti Èkó ni, Samuel Ogoshi àti Samson Ogoshi, tí wọ́n ń lo àkáǹtì tí a jí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni Nàìjíríà fà wọ́n lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi, àti ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, adájọ́ rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti oṣù 6. Ẹgbẹ́ wa ni wọ́n. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n kò tíì pé ọdún 25 nígbà ìdájọ́. Kì í sì í ṣe àwọn méjì yìí nìkan: ní oṣù Keje ọdún 2024, Meta tó ni Instagram kéde pé àwọn ti pa nǹkan bí àkáǹtì 63,000 rẹ́ ní Nàìjíríà nítorí irú ìlọ́nilọ́wọ́gbà yìí.

Ọ̀pọ̀ ìwé tí a kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ń kọ́ wa bí a ó ṣe dáàbò bo ọmọ wa lọ́wọ́ àwọn ẹni ibi. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni ibi náà ní ilé tó ti dàgbà, ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń sùn, ẹnìkan sì wà tó rí i lórí fóònù lóru tó rò pé ìwé ló ń kà. Bí ọmọ ọdún 14 nínú ìjọ yín bá ń pẹ́ lórí fóònù, tó sì ń ra bàtà tí kò sẹ́ni tó mọ orísun owó rẹ̀, ta ni yóò bi í? Àwọn ìyá kan á ní Ọlọ́run ló ń ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́.

Kí ni àwọn alọ́nilọ́wọ́gbà yìí ń tà gan-an? Ìtìjú ni. Àwòrán náà kò níye lórí lọ́wọ́ wọn. Ohun tó níye lórí ni pé ọmọ náà bẹ̀rù kí màmá rẹ̀ rí i ju bó ṣe bẹ̀rù olè lọ. Mo ti ronú lórí èyí pẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, bí ọmọ bá sọ pé, “Mo fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí ẹnìkan,” a ó kọ́kọ́ nà án, a ó gba fóònù, a ó pe pásítọ̀, ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé e ni wọn ó pè é jáde fún ìdáǹdè. Ọmọ náà mọ gbogbo èyí ṣáájú. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ó ti rí i bí wọ́n ṣe ṣe é fún ọmọ ilé kejì. Nítorí náà, á dákẹ́, á máa san owó.

Ẹ wo ohun tí Màríà ṣe nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó bi í léèrè ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì sọ bí àwọn ṣe fi ìbànújẹ́ wá a kiri. Lẹ́yìn náà, ó jẹ́ kí ọmọ dáhùn. Bíbélì tilẹ̀ sọ pé ìdáhùn náà kò yé wọn, síbẹ̀ wọ́n jọ padà sílé ni, ọmọ sì ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àbúrò yín ní nǹkan kan ṣoṣo lẹ́yìn ìdàpọ̀ yìí, ẹ sọ fún un pé: “Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí fóònù, bó ti wù kó burú tó, wá sọ fún mi. N kò ní bínú nítorí pé o sọ.” Kí ẹ sì mú ìlérí náà ṣẹ lọ́jọ́ tó bá dé, nítorí yóò dé.

Bó bá dé ńkọ́? Ẹ má san owó, nítorí ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń padà sí. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ inú fóònù rẹ́, ẹ̀rí ni. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà pamọ́, kí ọmọ má dá wọn lóhùn mọ́, kí ẹ fi àkáǹtì wọn sùn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà, lẹ́yìn náà kí ẹ dí i pa. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Take It Down, àjọ NCMEC ní Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o, ó sì wà fún àwòrán ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 nígbà tí wọ́n yà á. Àwòrán náà kò ní kúrò nínú fóònù ọmọ. Nọ́ńbà àmì kan ni ètò náà ń ṣe jáde láti ara àwòrán náà, nọ́ńbà yẹn ni Facebook, Instagram, TikTok àti àwọn mìíràn tó bá a ṣe pọ̀ fi ń dá a mọ̀ tí wọ́n fi ń yọ ọ́ kúrò. Lórílẹ̀-èdè wa, àwọn ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, àjọ NAPTIP sì ní ọ́fíìsì níbí ní Enugu àti nọ́ńbà ìpè 627. Bí ọmọ bá ti ń sọ̀rọ̀ pé ayé sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ òun nìkan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ sùn tì í, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà.

Màríà tún ṣe nǹkan kan: ó pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú ọkàn rẹ̀. Kò gbé e sórí status. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí. Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́yìn ìsìn, fọ́tò wọn kún orí fóònù wa. A ń gbé wọn síta pẹ̀lú orúkọ, pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé tí orúkọ ilé ìwé wà láyà rẹ̀, nígbà míràn pẹ̀lú ọjọ́ ìbí: “Ọmọ wa pé ọdún 9 lónìí!” Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sọ pé ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ ṣe pàtàkì kí a tó lo irú ìsọfúnni ọmọdé bẹ́ẹ̀. Kí a tó gbé e síta, kí a bi ìyá rẹ̀. Kí a bi ọmọ náà pẹ̀lú. Ọmọ tí a kò bi léèrè rí kó tó di pé a lo àwòrán rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun lè sọ pé rárá?

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama sì rèé, tí wọ́n ń fi ojú ọmọ kíláàsì wọn ṣe sítíkà láti fi rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń pín àwòrán ìhòòhò ọmọbìnrin kan kiri nínú gúrúùpù. Wọ́n rò pé eré ni. Abala 23 nínú òfin Cybercrimes ti ọdún 2015 sọ pé ẹni tó bá ṣe tàbí tó pín irú àwòrán ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura tàbí kó san owó ìtanràn tó tó ₦20 mílíọ̀nù. Kódà ẹni tó kàn tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù jẹ̀bi. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, ẹ má fi yọ̀. Kí ẹ sì bá wọn ka Mátíù 7:12, nítorí ẹsẹ yẹn kò yọ WhatsApp sílẹ̀.

Ní ti fóònù fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Family Link ti Google jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Android, ó ń jẹ́ kí òbí mọ ohun tí ọmọ ń gbà sórí fóònù àti iye wákàtí tó fi ń lò ó. Lórí WhatsApp, ẹ ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé àwọn tí ọmọ mọ̀ nìkan ló lè fi í sínú gúrúùpù, kí ẹ sì tan ìdáàbòbò onínọ́ńbà mẹ́fà. Kí fóònù gbogbo ilé máa sùn sí pálọ̀ lóru, ti ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú. Bí ti ẹ̀gbọ́n bá ń sùn sábẹ́ ìrọ̀rí, kò sí àbúrò tí yóò gbà.

Fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́ kéékèèké: Àwọn òbí Jésù wá a láàárín mọ̀lẹ́bí kí wọ́n tó padà sí Jerúsálẹ́mù. Tí àbúrò yín bá sọnù lórí fóònù lónìí, ibo ni ẹ ó kọ́kọ́ wá a, ta sì ni ẹ ó bi? Ṣé ẹ mọ orúkọ ẹni mẹ́ta tó ń bá sọ̀rọ̀ jù lórí WhatsApp? Èyí tó kẹ́yìn, kí olúkúlùkù dáhùn rẹ̀ lójú ara rẹ̀, kì í ṣe níwájú ẹgbẹ́: nígbà tí ẹ̀yin wà ní ọmọ ọdún 12, bí nǹkan bá ṣe yín lórí fóònù, ta ni ẹ̀ bá sọ fún, kí ló sì dé tí kì í fi í ṣe ẹni tó wà nílé?